Ọmọ Tí Àbúrò Mi Kò Bí Ló Sin Ín

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi bo ilẹ̀ mọ́ mi lójú: ọjọ́ tí a sin Àìná, àbúrò mi tó ti kú láti ìgbà pípẹ́, tí ọmọ tí kò bí sì jókòó síwájú ilé pẹ̀lú orí fífá, tó ń sunkún. Èmi ni mo bí ọmọ náà fún un. Ẹnu ni mo fi bí i, lójú gbogbo abúlé, láìrọbí rárá. Ẹ fún mi láyè kí n fìdí lélẹ̀ dáadáa kí n tó sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn, orúnkún mi kò sì fẹ́ ìkánjú.

Oko mi wà lẹ́bàá òkè, lápá Kpingni, nílẹ̀ Dásà. Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti lọ, èmi nìkan ni mo ń dá a. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wà ní Kútọnu, èkejì wà ní Parakú. Orí pọ́táàbù, ìyẹn fóònù, ni wọ́n ti ń tọ́jú mi. "Màmá, ẹ fi oko sílẹ̀, ẹ sinmi." Èmi náà á ní, "Tí mo bá fi oko sílẹ̀, ṣé pọ́táàbù ni n ó máa gún jẹ?"

Bí mo ṣe wà nìyẹn tí Kpáṣà fi dé láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ́ léjìká, àpò kékeré lọ́wọ́, ó ń béèrè iṣẹ́. Ará Tógò ni, láti orí àwọn òkè tó wà lápá Kara. Kì í ṣe ọmọdé. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ méjì nílé. Ó ní ilẹ̀ àwọn ti gbó, kò mú nǹkan jáde mọ́. Mo fún un ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Níbi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ̀ nínú oko mi, tí òjò máa ń wọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ lọ́dọọdún, ó ṣa òkúta jọ, ó tò wọ́n lórí ara wọn ní ìlà-ìlà bí ògiri kúkúrú, ó sì gbin iṣu sáàárín. Ilẹ̀ náà dúró. Àwọn tó ń kọjá á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá, ṣé ẹ ń kọ́lé fún iṣu ni?" Mo kàn ń rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ni kò ní. Kò ní kàátì ìdánimọ̀, kò ní ìwé ìbí, kò ní nǹkan kan láyé yìí tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sí. N kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè mú ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ títí tó fi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Kì í wọ ọjà Dásà, nítorí àwọn ọlọ́pàá máa ń dúró ní ìkóríta. Nígbà tí ibà gbé e dè, ewé ló ń sè mu. Ó ní tí òun bá dé ilé ìwòsàn, kàátì ni wọ́n ó kọ́kọ́ béèrè. Nọ́ńbà pọ́táàbù rẹ̀, orúkọ mi ni wọ́n fi rà á. Tí alùpùpù kan bá dún lọ́nà ju bó ṣe yẹ lọ, ọkùnrin gìrìwò yìí á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ebè bí ẹtu. Ó sì ti ṣe ọ̀gbìn ọdún kan gbáko fún ọkùnrin kan ní Gbafò kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí ìkórè pé, ọkùnrin náà ní kó máa lọ, tàbí kí òun pe ọlọ́pàá. Ó lọ.

Nítorí náà, lọ́dọ̀ tèmi, àdéhùn wa ṣe kedere: ìdajì iṣu tó wà láàárín òkúta wọ̀nyẹn, tirẹ̀ ni. Òun ló fẹ́ fi mú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá.

Iṣu tuntun kù díẹ̀ kó jáde ni Tèrésà, aládùúgbò mi, sáré ti ọ̀nà Kèrè dé, gèlè lọ́wọ́.

"Àwọn ọlọ́pàá ti dé Kèrè o! Wọ́n ń béèrè kàátì lọ́wọ́ gbogbo àlejò. Ẹni tí kò ní, inú ọkọ̀ ni."

"Ọkọ̀ ń gbé wọn lọ síbo?"

"Ṣé mo bá wọn wọ̀ ọ́ ni?"

Kpáṣà dúró lẹ́yìn wa, ó ti gbọ́. Ó fi ọkọ́ ti ògiri jẹ́jẹ́. "Ìyá, èmi ó máa lọ."

"Máa lọ síbo? Iṣu tó wà lórí òkè ńkọ́?"

Tó bá lọ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ òfìfo ni yóò gbé padà lọ bá ìyàwó rẹ̀, lẹ́ẹ̀kejì. Mo wo ọwọ́ náà. Ó ti yi bí èèpo igi.

Tèrésà ló ní, "Ẹ sọ pé ẹbí yín ni. Ta ló ń béèrè kàátì lọ́wọ́ ẹbí?"

Lójú mi, ọgbọ́n gidi ni. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé n kò lọ ilé ìwé.

Lọ́jọ́ kejì, delegé, ìyẹn olórí abúlé wa, pe gbogbo agboolé jọ sábẹ́ igi máńgòrò, kí oníkálukú wá sọ àlejò tó wà nílé rẹ̀. Mo ti múra ohun tí n ó sọ: pé ọmọ àna ìbátan ọkọ mi ni, láti Ṣábẹ̀. Irọ́ kékeré, tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Mo jókòó, mo fọwọ́ lẹ́rán.

"Ìyá," ni delegé wí nígbà tó kàn mí, "wọ́n ní ọkùnrin àlejò kan wà lóko yín."

"Kì í ṣe àlejò."

"Ta wá ni?"

Ẹnu mi ṣí láìbi mí. "Ọmọ Àìná ni."

Máńgòrò kan já lulẹ̀, gbogbo wa la gbọ́ ọ.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí Àìná jẹ́. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi gan-an. Ó tẹ̀lé ọkùnrin kan lọ sí Abíjàn nígbà tí ara wa ṣì le, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni ìròyìn dé pé ó ti kú, wọ́n sì ti sin ín sọ́hùn-ún. A kò gbọ́ pé ó bímọ. Nínú ìdílé wa, ọmọ ló ń sin ìyá. Ẹni tó bá kú sẹ́yìn odi láìní ọmọ, a kì í gbẹ́ ilẹ̀ fún un; a ó kàn máa dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, a ó sì máa wo ilẹ̀. Bóyá òun ló wá sí mi lẹ́nu nítorí pé òkú ni, kò lè dìde kó sọ pé irọ́ ni. Mo gbàgbé pé òkú ní ẹbí.

Ẹbí náà sì wà níbẹ̀. Àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Baba Kékeré, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí kò sí ohun tó kù tó kéré lára rẹ̀ bí kò ṣe orúkọ yẹn, fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde.

"Ọmọ Àìná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

"Àìná bímọ?"

"Ó... ó bímọ, Baba."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Kò tíì pẹ́, Baba."

Ó wò mí. Ó wò mí títí tí òógùn fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn lẹ́yìn mi. Ó wá ní, "Ó dára. Ó dára gan-an," ó sì jókòó. Mo rò pé ó ti tán.

Bí a ṣe ń lọ sílé, Tèrésà fún mi léèékánná lápá. "Mo ní kẹ́ ẹ sọ pé ẹbí ni, mi ò ní kẹ́ ẹ jí òkú dìde!"

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ẹ̀gbọ́n mi Lusíà, ọmọ bàbá mi, fi dé pẹ̀lú adìyẹ lọ́wọ́. Kò kí mi. Kpáṣà ló lọ bá tààrà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ mú.

"Imú Àìná rèé! Ẹ wo etí! Etí bàbá wa ni!"

Mo wo etí náà. Etí ará Kara ni.

"Mo ti lá àlá yìí rí," ni Lusíà wí, omi ń jáde lójú rẹ̀. "Mo rí Àìná tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tó ń sọdá odò. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní oúnjẹ ló yó mi jù."

Àwọn yòókù dé. Ọ̀kan ní bó ṣe ń rìn ni bàbá ìyá rẹ̀ ṣe ń rìn. Òmíràn ní èjìká yẹn, òun mọ ibi tó ti wá. Kí oòrùn tó dé àárín orí, ọmọkùnrin náà ti jogún ara ènìyàn bíi mélòó kan. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé èmi tí mo pa irọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí wo àgbọ̀n rẹ̀, mo ń rò ó pé, àbí lóòótọ́?

Kpáṣà dúró láàárín wọn bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bi í, "Bẹ́ẹ̀ ni" ló ń dáhùn. Nígbà tó rí mi lẹ́bàá ìkòkò omi, ó rọra ní, "Ìyá, ta ni Àìná?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò tíì sọ fún un!

"Ìyá rẹ ni," mo dáhùn.

"Ìyá mi..." Ó ya ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, ó sì gbé e mì. Ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n Lusíà ń pè mí, n kò dúró bi í.

Wọ́n wá béèrè ìdí tí ọmọ wa kò fi gbọ́ èdè wa dáadáa. Mo ní Abíjàn ló dàgbà sí. Mo rò pé mo gbọ́n. Ṣé ẹ mọ̀ pé a ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Máàsẹ́lì, tí gbogbo ayé ń pè ní Máàsẹ́lì Abíjàn? Ó ní òun gbé ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí àìsùn òkú tí kò ti sọ ìtàn ilé gíga àti afárá ibẹ̀. Òun ni wọ́n lọ pè. Ó dé pẹ̀lú awò dúdú lójú, ó ní, "Ẹ yà fún mi, kí n bá ọmọ mi sọ èdè ìlú wa."

Máàsẹ́lì nà án ní ọ̀rọ̀ kan báyìí tí n kò mọ orí tí n kò mọ ìdí rẹ̀. Kpáṣà wò ó, ó wò mí, ó sì fi èdè àwọn òkè tirẹ̀ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ gígùn. Mo di ojú mi. Mo ń dúró de ariwo.

Òógùn bo iwájú orí Máàsẹ́lì. Ó yọ awò lójú, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ọmọ Abíjàn ni lóòótọ́! Èdè inú-inú ibẹ̀ ló ń sọ, ti àwọn ọmọ etí òkun! Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ Máàsẹ́lì kò kan Abíjàn rí. A wo ara wa, òpùrọ́ méjì, a sì kí ara wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kpáṣà ló sọ ohun tó wí fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ń dùn mí, ṣé mo lè jókòó?"

Gbogbo ìyẹn, eré ni. Ìyàlẹ́nu gan-an ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Baba Kékeré rán wa pè. Gbogbo ẹbí jókòó, ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Níwọ̀n ìgbà tí Àìná ti ní ọmọ, kò sí ohun tí à ń dúró dè mọ́. A ó sin ín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Mo ti rán sí katẹkísì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí ọmọ náà ti ọ̀nà jíjìn dé láìní nǹkan lọ́wọ́, àbúrò ìyá kì í jìnnà sí ìyá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá. Òbúkọ ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ."

Èmi ló ń wò. Òbúkọ mi kan ṣoṣo, tí mo ń tọ́jú de Kérésìmesì!

"Aṣọ Àìná ńkọ́?" ni Lusíà béèrè. "Aṣọ la ó gbé sílẹ̀ dípò ara rẹ̀."

Aṣọ kan ṣoṣo ló kù láyé tí Àìná ró rí, ìró aláró kan tó fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ, tó ní òun ń bọ̀ wá mú un. Ó wà nísàlẹ̀ àpótí mi. N kò ró o rí. Mo máa ń yọ ọ́ sóòrùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, mo sì máa ń ká a padà. Irọ́ mi ti jẹ òbúkọ, ó tún fẹ́ jẹ aṣọ àbúrò mi. Lọ́jọ́ yẹn, n kò rẹ́rìn-ín.

Mo dé ilé, mo ní kí Kpáṣà sá. Ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣe.

"Kí o fá orí. Kí o jókòó sórí ẹní. Kí o gbé aṣọ sínú ihò, kí o sì sunkún níwájú gbogbo ayé. Ṣé o mọ ẹkún sun?"

Ó gbé ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Èmi ó ṣe é, Ìyá."

Mo ní kó sun díẹ̀ kí n gbọ́. Ó ṣe ohùn kan báyìí, bí ìgbà tí wọ́n ń rin ẹ̀gẹ́ lórí páànù. Mo ní Ọlọ́run, ìtìjú mi dé. Mo wá lọ ata gbígbẹ, mo bù ú sí igun aṣọ ìnujú kan, mo dì í. Ète mi ni pé tó bá kan ẹkún, n ó fi í ránṣẹ́ sí i kó fi kan ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gbogbo ẹbí kún iwájú ilé. Wọ́n ti gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a sin ìyá wa sí. Kpáṣà jókòó sórí ẹní, orí rẹ̀ ń dán. Òbúkọ mi ti wà nínú ìkòkò. Oòrùn mú, ẹ̀rù sì ń bà mí, òógùn ń ṣàn wọ ojú mi, ni mo bá fa aṣọ ìnujú yọ, mo nu ojú mi méjèèjì dáadáa.

Ẹ gbà mí!

N kò mọ ìgbà tí mo ké. Mo mọ̀ pé mo ṣubú lu Tèrésà, mo sì ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Àwọn obìnrin di mí mú. Mo ń gbọ́ ohùn Lusíà lókè orí mi: "Ẹ jẹ́ kó sun ún! Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé e sínú! Ẹ ò rí bó ṣe fẹ́ràn àbúrò rẹ̀!" Èmi ń pariwo pé "Omi! Omi!" wọ́n ní Àìná ni mò ń ta omi sílẹ̀ fún.

Inú òkùnkùn ata yìí ni mo wà tí mo fi gbọ́ alùpùpù. Ó dúró. Mo gbọ́ bàtà ńlá lórí ilẹ̀. Mo gbọ́ ohùn delegé àti ohùn ọkùnrin kan tí kì í ṣe ti abúlé wa.

"Ẹ kú ìdúró o. Iṣẹ́ ló gbé wa wá. Wọ́n ní àlejò kan wà nílé yìí tí kò ní kàátì."

N kò ríran. Mo kàn ń na ọwọ́ síwájú bí afọ́jú. Mo ń rò ó pé, ó parí. Wọ́n ó gbé e lọ pẹ̀lú orí fífá, láìjẹ nínú iṣu rẹ̀, láìjẹ nínú òbúkọ pàápàá.

Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n gbé aṣọ Àìná lé Kpáṣà lọ́wọ́ kó gbé e sínú ihò. Mo sì gbọ́ igbe kan.

Kì í ṣe ohùn páànù. Mo ti gbọ́ ẹkún púpọ̀ láyé mi, mo mọ èyí tó ti ọ̀fun wá, mo sì mọ èyí tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Ó ń fi èdè rẹ̀ pe ẹnì kan. Orúkọ kan náà, léraléra, bí ìgbà tí ọmọ bá sọnù lọ́jà. Kò sí ẹni tó ní kí Máàsẹ́lì túmọ̀ rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni ọlọ́pàá náà béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Baba Kékeré dá a lóhùn. "Ọmọ tó ń sin ìyá rẹ̀ ni. Ṣé kí n ní kó gbé aṣọ òkú sílẹ̀, kó lọ wá kàátì wá fún ọ?"

Ojú mi kan ti là díẹ̀. Mo rí i tí ọlọ́pàá náà, ọkùnrin gíga kan, yọ fìlà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Baba. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Baba. Ẹ má bínú. Tí ẹ bá ṣetán, kí ẹ wá rí mi ní bíró ọlọ́pàá." Wọ́n sì lọ.

Nígbà tí àwọn èèyàn jẹun tán tí wọ́n túká, mo fọ ojú mi, mo lọ bá Kpáṣà lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo fẹ́ yìn ín. Mo ní, "Níbo lo ti kọ́ irú ẹkún yẹn?"

Kò gbójú sókè. "Ìyá mi kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá."

"Ìyá ta?"

"Ìyá mi. Pọ́táàbù ni wọ́n fi sọ fún mi. Oko yín ni mo wà. Tí mo bá lọ, láìní ìwé, n kò mọ̀ bóyá wọn ó jẹ́ kí n padà wọlé síbí. Tí n kò bá padà, kí ni àwọn ọmọ mi ó jẹ? Mo bá ń kọ ebè lọ."

Mo rántí ọjọ́ náà. Mo rántí ọyẹ́, mo rántí pọ́táàbù tó dún, mo sì rántí ohun tí mo sọ fún un nígbà tí mo débẹ̀. Mo ní, "Kí ló ń ṣe ọ́ lónìí? Gbogbo ebè rẹ wọ́."

"Pyalo ni orúkọ rẹ̀," ni Kpáṣà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má bínú. Mo fi tèmi sínú ihò tiyín."

Mo jókòó tì í. Ata ti kúrò lójú mi, ṣùgbọ́n ojú náà kò gbẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú obì, mo lọ bá Baba Kékeré láti tú àṣírí. Mo kúnlẹ̀, n kò tíì la ẹnu tó fi ní, "Dìde. O kú ìyà òbúkọ."

"Baba, ẹ mọ̀?"

"Mo gba ẹ̀gbẹ́ oko rẹ kọjá nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo rí òkúta tí wọ́n tò. Kò sí ọmọ ilé wa tó mọ òkúta tò bẹ́ẹ̀. Apá Kara ni mo ti rí i, nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí èmi náà ń kọ ebè fún olówó kiri lọ́hùn-ún. Èmi náà kò ní ìwé. Ìyá arúgbó kan fún mi ní yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná rẹ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀? Tí ẹ jẹ́ kí n pa òbúkọ mi?"

Ó rẹ́rìn-ín, eyín méjì tó kù lẹ́nu rẹ̀ hàn. "Mo ti darúgbó. Mo máa lọ bá Àìná láìpẹ́, n kò sì mọ ohun tí n ó sọ fún un tó bá bi mí léèrè ìdí tí a kò fi sin òun. Ìwọ lo pa irọ́. Èmi kàn fi ṣe iṣẹ́ ni." Ó wá fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ alààyè ni. Òótọ́ la ó lọ sọ níbẹ̀. N ó bá yín lọ."

Àwa mẹ́ta la lọ sí bíró. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkùnrin gíga náà: pé ará Tógò ni, pé kò ní ìwé, pé ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, pé òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe olè. Ó fi ọwọ́ di orí mú.

"Ìyá, ẹ dúró ná. Ta wá la sin lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

"Àbúrò mi."

"Ta ni ọkùnrin yìí ń sunkún?"

"Ìyá rẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́, tí ẹ ń yí nílẹ̀?"

"Ata ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó sọ fún wa pé ọ̀nà wà. Kí delegé kọ ìwé pé ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, kí èmi tí mo gbà á sílé fọwọ́ sí i, kí Kpáṣà sì lọ bá àwọn aṣojú ìlú rẹ̀ ní Kútọnu kí wọ́n ṣe kàátì fún un.

"Ṣé bó ṣe tààrà tó nìyẹn?" mo béèrè.

"Kò tààrà tó bẹ́ẹ̀, Ìyá, ó máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni."

"Ká ní mo ti wá béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

"Ohun tí mo sọ yìí náà ni n ó sọ."

"Òbúkọ mi ńkọ́?"

"Ìyẹn," ó ní, "n kò ní ìwé tí mo lè kọ fún un."

Ó pẹ́ lóòótọ́. Kpáṣà ti lọ sí Kútọnu, ó ti bọ̀, wọ́n ní kó wá ẹlẹ́rìí láti ilé, ẹlẹ́rìí náà ń wá owó ọkọ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kàátì náà kò tíì dé. Ìwé delegé ló fi sínú ọ̀rá, inú àpò àyà rẹ̀ ló ń gbé e sí. Ó ti ń wọ ọjà Dásà báyìí. Síbẹ̀, tó bá kù díẹ̀ kó dé ìkóríta, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì lọ́ra. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ti dé. Iṣu òkè ló gbé wọn wá.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ńkọ́? Kò sí ẹni tó gbà kí Kpáṣà ṣíwọ́ jíjẹ́ ọmọ ilé wa. Baba Kékeré sọ òótọ́ fún gbogbo wọn lójúkojú, Lusíà sì ní kò kan òun, etí bàbá òun ni òun rí. Wọ́n ti fi Kpáṣà sínú àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú, wọ́n ń pè é síbi gbogbo ìnáwó. Ọkùnrin náà kò sinmi mọ́. Tí mo bá sì jágbe mọ́ ọn lóko, á dúró, á fọwọ́ mú ìbàdí: "Ìyá, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ọmọ àbúrò ẹni sọ̀rọ̀?" Máàsẹ́lì kò sì sọ ìtàn Abíjàn mọ́ níbi tí mo bá jókòó sí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Ẹ béèrè ọ̀nà kí ẹ tó pa irọ́. Ìbéèrè kì í jẹ ewúrẹ́. Tí irọ́ bá sì di dandan, alààyè ni kí ẹ pa á mọ́: alààyè á bú yín, á tán, òkú á ní kẹ́ ẹ wá sin òun. Èyí tó wúwo jù nínú rẹ̀ ni pé tí ebè ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ bá wọ́, kí ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ nílé.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, Kpáṣà gbé ti àkọ́kọ́ lọ sí ojú oórì kékeré yẹn. Ó gé e sí méjì. Ó gbé ìdajì kalẹ̀ lápá ọ̀tún, ó gbé ìdajì kalẹ̀ lápá òsì, ó sì kí àwọn ìyá méjèèjì. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo rò ó bí Àìná ṣe ń rìn kiri lọ́hùn-ún, tí obìnrin Kara kan tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ wà nínú aṣọ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ni ẹ̀rín bá pa mí. Mo rín in títí omi fi dé ojú mi. Etí ìró mi ni mo fi nù ún. Èmi àti aṣọ ìnujú ti parí.